Ẹ Fún Ọwọ́ Níṣẹ́, Ojú Á Tú Ká

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ fọ́tò, nígbà tí fíìmù kan kò ju fọ́tò 36 lọ, téèyàn bá sì ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré, owó ti wọgbó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá mi fi máa ń ké sí oníbàárà pé, “Ẹ má mira o!” Oníbàárà á jókòó, ẹ̀yìn á dúró ṣánṣán, ọwọ́ méjèèjì á wà lórí orúnkún, ojú á kọ kámẹ́rà. Mi ò kẹ́gàn ìjókòó yẹn o. Ẹ wo fọ́tò àwọn bàbá wa lára ògiri pálọ̀, iyì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi náà dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, àwọn tó ń wá bá mi fẹ́ fọ́tò tó máa dà bíi pé wọn ò mọ̀ pé wọ́n ń ya àwọn. “Ẹ má mira” kò sì lè ṣe ìyẹn.

Ìyá kan ló là mí lójú, níbi ayẹyẹ 70 ọdún wọn. Mo ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Eyín yọ, ṣùgbọ́n ojú le koko. Mo tún un sọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ni ọmọ wọn obìnrin bá dúró sẹ́yìn mi, ó ń fi oríkì ilé bàbá wọn kì wọ́n. Èjìká ìyá wálẹ̀. Ọwọ́ tó ti di ìpèlé mú pinpin tú sílẹ̀, ó lọ kan etí gèlè. Awọ ẹ̀bá ojú wọn ṣún jọ, bíi ti ẹni tẹ́rìn-ín ń pa ní tòótọ́. Mo tẹ kámẹ́rà.

Láti ọjọ́ náà, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé kó rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ni mo ń wáṣẹ́ fún. Bó bá jẹ́ agbádá lẹ wọ̀, ẹ ká apá rẹ̀ sí èjìká bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe. Tó bá yọ̀ wálẹ̀, ẹ tún un ká. Àárín kíká àti yíyọ̀ yẹn ni fọ́tò wà. Obìnrin lè gbé ìpèlé lé èjìká, kó di abẹ̀bẹ̀ mú, kó máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ọwọ́ bá ṣófo, ẹ má lẹ apá mọ́ ìhà, á tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì tóbi ju bó ṣe rí lọ.

Ẹ gbé ara lé ẹsẹ̀ kan, kí èkejì sinmi. Ní ti àgbọ̀n, ẹ tì í síwájú díẹ̀, kẹ́ ẹ wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Á ṣàjèjì lára yín, ṣùgbọ́n ọrùn á gùn nínú fọ́tò.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé àwọn burẹ́wà nínú fọ́tò. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí gan-an, torí kì í ṣe òótọ́. Ojú inú dígí lẹ mọ̀, ọ̀tún àti òsì sì ti yí padà níbẹ̀. Bí fọ́tò bá wá gbé e jáde bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń rí i, á jọ ojú àjèjì lójú yín. Fóònù tó bá sì sún mọ́ ojú jù á fẹ imú. Ẹ gbé e fún ẹlòmíì, kó fi bí ìṣísẹ̀ mẹ́rin sún sẹ́yìn, kó wá fa àwòrán mọ́ra. Ẹ sá fún oòrùn ọ̀sán gangan, òjìji ló máa ń dà sínú ihò ojú. Ẹnu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ dúró sí, kẹ́ ẹ kọjú síta.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ ya ọ̀gá mi nílé. Wọ́n ti dàgbà gan-an. Wọ́n jókòó ṣánṣán, ọwọ́ lórí orúnkún. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo kàn fa fíìmù àtijọ́ kan yọ nínú báàgì, mo fi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n ṣẹ́ ojú kan, wọ́n ń wá ẹni tó wà nínú rẹ̀. Mo ti ya mẹ́ta kí wọ́n tó rántí pé mo wà níbẹ̀.