Kọ́bọ́ọ̀dù Métírọ̀n: Àyẹ̀wò Ọdún Mi

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń béèrè pé àyẹ̀wò ọdún mi dà, ẹ ṣeun tí ẹ kò gbàgbé mi. Bí mo bá ní kí n sọ̀rọ̀ oṣù Kejì, ọ̀rọ̀ oṣù Kẹfà ni yóò jáde. Bí mo bá ní kí n sọ ti ilé tuntun tí a kó lọ, tàbí ti ọmọ tó wọ girama, Métírọ̀n àti kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ni yóò gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu. Mo ti gbà fún un. Oṣù Kẹfà ni ọdún yìí lójú mi. Ìyókù kàn wà lára kàlẹ́ńdà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí mọ Métírọ̀n, ẹni tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù láàárọ̀, tí yóò bi wá lórúkọ aláìsàn kọ̀ọ̀kan kó tó jẹ́ ká jókòó. Oṣù Kẹfà ló fẹ̀yìn tì. Àwa ti ń dá owó jọ fún àǹkárá, ìrẹsì àti aago ńlá tí wọ́n máa ń kọ orúkọ ènìyàn sí. Nígbà tó gbọ́, ó pè wá. "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, aago ni mo ti ń wò láti ọjọ́ tí mo ti dé ẹnu iṣẹ́ yìí. Ẹ má fún mi ní aago mọ́." Ohun tó fẹ́ ni pé kí oníkálukú, láti orí dókítà dé orí ẹni tó ń nu ilẹ̀, mú ìwé kan wá tó tún iṣẹ́ rẹ̀ tàbí ayé rẹ̀ ṣe. Kó kọ ìdí rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́, kó sì dìde sọ ọ́ lójú gbogbo wa. Ó tú kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ tí a ń kó báńdéèjì sí, ó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni àwọn ìwé náà yóò máa gbé. Kò mú ẹyọ kan lọ sílé nínú wọn.

Sístà tó wà ní tíátà ló kọ́kọ́ dìde. The Checklist Manifesto ló mú wá, ìwé tí oníṣẹ́-abẹ Atul Gawande gbé jáde ní 2009. Ó ní kí òun tó kà á, òun rò pé ẹni tí kò mọṣẹ́ ló ń fi ìwé yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Ó wá sọ ìtàn ọkọ̀ òfúrufú ológun tí wọ́n ń dán wò ní Ohio lọ́dún 1935. Awakọ̀ tó gbówọ́ ló wà á, síbẹ̀ ó já lulẹ̀, torí pé wọn kò tú ohun tó de ìrù rẹ̀ kó tó gbéra. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé irú rẹ̀ wọ inú iṣẹ́ abẹ ní 2008, ohun 19 ni wọ́n tò síbẹ̀. Ilé ìwòsàn 8 kárí ayé ló dán an wò, ti Ifakara ní Tanzania wà lára wọn, iye àwọn tó ń kú sì lọ sílẹ̀ láti 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún sí 0.8. Ṣùgbọ́n ohun tí Sístà tẹnu mọ́ ni èyí tó rọrùn jù níbẹ̀: kí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá dárúkọ ara wọn àti iṣẹ́ wọn kí ọ̀bẹ tó kan ara. Ó ní láti ìgbà tí àwọn ti ń ṣe é, nọ́ọ̀sì tó kéré jù níbẹ̀ lè la ẹnu pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró ná." Dókítà àgbà wà lórí ìjókòó, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tó kan dókítà náà, ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ ló gbé dìde. Àwa rò pé ìwé ìṣègùn ni yóò mú wá. Ó ní, "Iṣẹ́ dókítà wà nínú rẹ̀." Àlùfáà Johnson parí rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó sì sọnù mọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ní 1901, ó kú láìfojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, tó jẹ́ dókítà, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tó tún gbogbo rẹ̀ tò. Nígbà tó fi ránṣẹ́ ní 1916, ogun ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé e, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde, Obadiah fúnra rẹ̀ ti kú. Dókítà wa ní lóru tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sí, tí iná lọ, tí gbogbo làálàá ọjọ́ náà fẹ́ dà bí òfo, àbúrò yẹn ni òun máa ń rántí, tí òun á sì padà sídìí aláìsàn. N kò mọ̀ pé ẹni tí kì í bá wa sọ̀rọ̀ jù "bẹ́ẹ̀dì yẹn ńkọ́?" ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú.

Bàbá tó ń nu wọ́ọ̀dù wa mú Aláwìíyé J. F. Ọdúnjọ wá, ó ti gbó, sẹ̀lótéèpù ló so ó ró. Kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà ló ti kà á. Ó ní kí òun tó mọ̀wé, àwọ̀ ike ni òun fi ń dá oògùn ìfọlẹ̀ mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ ike, ọkàn òun kì í balẹ̀. Ìdí tó kọ sínú rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ, ní lẹ́tà gàdàgbà: MO LÈ KÀ Á. Gbogbo yàrá dìde fún un. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ìlà yìí ni mo fẹ́ràn jù.

Ìwé tèmi ni Notes on Nursing, èyí tí Florence Nightingale kọ ní 1859. Ẹ̀gbọ́n kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ló fún mi. Ibi tó mú mi níbẹ̀ ni ibi tí ó ti bá àwọn tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nítòsí aláìsàn wí, tí aláìsàn ń fetí sílẹ̀ bóyá òun ni wọ́n ń sọ. Láti ìgbà náà, n kì í sọ̀rọ̀ aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

Màmá Ìbejì ló kẹ́yìn. Where There Is No Doctor ti David Werner ló mú wá. Ọkùnrin náà kì í ṣe dókítà. Àárín àwọn ará abúlé orí òkè ní Mexico ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ní èdè Sípéènì. Màmá Ìbejì gbà á nígbà tí wọ́n pín in sí ilé ìwòsàn kékeré kan lápá Òkè-Ògùn, òun nìkan, kò sí dókítà nítòsí. Àwọn ojú ewé aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ ìlò oògùn sí ti rọ̀ bí aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kọ síwájú rẹ̀ nìyí: "Fún ẹni tí ẹ̀rù yóò bà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀rù ba èmi náà."

Ẹ mọ̀ pé oṣù Kẹsàn-án kò parí lójú rẹ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo sì rí i dájú pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí a sọ ní yàrá yẹn, a sọ ọ́ sókè, kó lè gbọ́ ọ. Ó tó, ẹ jẹ́ kí n sọ ti dírẹ́bà wa. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti Fágúnwà ló mú wá lọ́jọ́ náà. Ó ní Àkàrà-Ògùn wọ igbó yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bọ̀, òun kò sì rí ọ̀nà Ìbàdàn kan tí yóò dẹ́rù ba òun lóru. Màmá Ìbejì dá a lóhùn láti ẹ̀yìn pé, "Àkàrà-Ògùn fẹsẹ̀ rìn ni, kò gbé ẹnikẹ́ni wọ gọ́tà." Métírọ̀n rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fún dírẹ́bà láyè láti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìwé Màmá Ìbejì wà lọ́wọ́ mi báyìí. Lálẹ́, bí wọ́ọ̀dù bá ti rọlẹ̀, orí rẹ̀ tó dá lórí ìgbẹ̀bí ni mo ń kà. Ó pẹ́ tó ti ń sọ fún mi pé kí n lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí kún ti nọ́ọ̀sì, tí mò ń sọ pé ọmọ, pé owó. Lóṣù Kẹwàá, mo gba fọ́ọ̀mù, mo sì ṣe ìdánwò rẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọpẹ́ ni fún ọkọ mi tó san owó rẹ̀ láìjẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́. Wọn kò tíì gbé èsì jáde, n kò sì fẹ́ kí ẹnu mi yá ju ìdí lọ. Métírọ̀n ti ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù fún ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì tuntun kí n tó lọ, ó ní "kí o tó lọ," kò ní "bí o bá lọ." Bí orúkọ mi bá jáde lóṣù Kìíní, ẹ̀yin lẹ óò kọ́kọ́ gbọ́.