Ta Ni Yóò Máa Tọ́jú Ajá Lọ́sàn-án Bí Ẹ Bá Rìnrìn Àjò?
Ẹ má ṣe fi ajá lé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ tí ẹ ń lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò ní bí ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú, nítorí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀pọ̀ ibi ìtọ́jú ajá ló máa ń béèrè ìwé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ti parvo (àrùn tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru fún ajá) àti ti ikọ́ ajá, abẹ́rẹ́ kì í sì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ajá sí ibi ìtọ́jú náà láti dán an wò: wákàtí 2 lákọ̀ọ́kọ́, ìdajì ọjọ́, kí ó tó wá kan odindi ọjọ́. Bí ajá bá ń kọ oúnjẹ tàbí tó ń ha ilẹ̀kùn ṣáá, ẹ wá ẹni tí yóò máa wá bẹ̀ ẹ́ wò nílé. Lójú tèmi, èyí ló dára jù fún ajá tó ti darúgbó.

Oúnjẹ ló sábà ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí wọ́n bá ṣàdédé yí i padà, ìgbẹ́ gbuuru dé nìyẹn. Ẹ wọn ti ìgbà kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ fi ti ọjọ́ 2 kún un, torí ọkọ̀ lè pẹ́. Bí ajá bá ń lo oògùn, ẹ kọ ìwọ̀n àti àsìkò rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ fi nọ́ńbà dókítà ẹran sílẹ̀, pẹ̀lú iye owó tí wọ́n lè ná sí ìtọ́jú láìkọ́kọ́ pè yín (bí ẹ bá wà nínú bàálù ńkọ́?). Lẹ́nu ìrìn àjò, fọ́tò kan lóòjọ́ tó. Ẹ ṣáà béèrè bóyá ó jẹun, bóyá ó sì yàgbẹ́ dáadáa.