Ẹ má tíì sọ pé gíà ti kú

Bí mọ́tò ọ́tò, èyí tó ń pa gíà dà fúnra rẹ̀, bá ti pẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ra lójú òkè, ìdájọ́ kan náà ni ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ní Adó-Èkìtì níbí: "Gíà ti kú, ẹ lọ ra òmíràn." Wọn ò tíì yọ géèjì, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, wò, wọn ò tíì wọ abẹ́ mọ́tò, wọ́n ti ń pe ẹni tó máa bá wọn wá tokunbọ̀ ní ọjà Ládìpọ̀ l'Ékòó. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an. Owó gíà kì í ṣe owó kékeré, tokunbọ̀ tí ẹ sì fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ìyà tó ti jẹ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Aramọkọ, Adó ni mo ń gbé. Camry ọdún 1999 ni mò ń gùn, èyí tí wọ́n ń pè ní Pencil Light, ẹ́ńjìnnì 2.2. A140E ni Toyota pe gíà tó wà nínú rẹ̀, iwájú mẹ́rin, ẹ̀yìn kan. Láti Adó gba Ìyìn àti Ìgèdè dé Aramọkọ, ẹ lè máà mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe mọ́tò yín. Òkè Ẹ̀fọ̀n ló ń tú àṣírí. Ibẹ̀ náà ló ti tú tèmi, lọ́jọ́ tí mò ń lọ bójú tó ìdánwò ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Tírélà kan dá gbogbo wa dúró lójú òkè. Nígbà tó gbéra tí èmi náà tẹ iná, ńṣe ni mọ́tò ń kérora bí aláàárù tí wọ́n dì ní ẹrù jù. Iná check engine sì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí mọ́tò ò fẹ́ lọ yẹn, kí ni ẹ́ńjìnnì ń ṣe? Ẹ wo ọwọ́ aago RPM, èyí tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí sí. Bí ẹ bá tẹ iná, tí ẹ́ńjìnnì ń han gooro, tí ọwọ́ aago ń gòkè ṣùgbọ́n tí mọ́tò ò kúrò lójú kan, gíà ń yọ̀ nìyẹn: ọ́ìlì lè ti dín, tàbí kí àwọn pèlébé kílọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ti jẹ tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ń kùn nísàlẹ̀, tí kò lè gòkè, tó sì jẹ́ pé bí mọ́tò bá ti gba eré tán kò ní ìṣòro kankan mọ́, ìyẹn kì í yọ̀ rárá. Gíà gíga ló fi ń gbéra. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Tèmi, èkejì ni. Tí mo bá fi gíà sí L, ó ń gun òkè dáadáa.

Nígbà tí mo délé, ọ́ìlì gíà ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pa ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó yọ géèjì gíà, bíi ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú Toyota yìí. Ẹ rìn títí ara mọ́tò á fi gbóná, ẹ gbé e sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ tẹ bírékì, kí ẹ mú gíà láti P lọ dé L, kí ẹ dá a padà sí P. Ìgbà náà ni kí ẹ yọ géèjì, kí ẹ nù ún, kí ẹ tì í bọlẹ̀, kí ẹ tún yọ ọ́. Ibi tí wọ́n kọ HOT sí ni ọ́ìlì yẹ kó wà. Ẹ fi aṣọ funfun gbà á, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Pupa tó mọ́ dára. Dúdú tó ń rùn bí nǹkan tó jóná kò dára. Bó bá rí bíi mílíìkì tó ní àwọ̀ pupa díẹ̀, omi ti wọlé, radiator ni kí ẹ sì kọ́kọ́ fura sí, torí omi inú rẹ̀ ló ń mú kí ọ́ìlì gíà tutù. Ọ́ìlì tèmi pé, ó pupa, kò rùn.

Mo tún fi aago fóònù wọn nǹkan mìíràn. Ìwé Toyota sọ pé láti N sí D, kò yẹ kó tó ìṣẹ́jú àáyá 1.2 kí ẹ tó mọ̀ ọ́n lára pé gíà ti wọlé. Láti N sí R, kò yẹ kó tó 1.5. Háńdì bírékì gbọ́dọ̀ wà lókè o. Tèmi ń wọlé kíá. Gíà tó ti kú kì í dáhùn báyẹn.

Síbẹ̀, ọmọkùnrin tí mo gbé e lọ bá jókòó sínú mọ́tò, ó wà á débi géètì, ó padà. Ó ní, "Màmá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, gíà ti lọ." Mo bi í bóyá ó ti fi ẹ̀rọ yẹ kọ̀ǹpútà mọ́tò wò. Ó ní kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà fẹ́ sọ tí òun ò mọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni, mo gbé mọ́tò mi.

Bàbá kan tó ń ṣe rewáyà ní Bàsírì ni mo gbé e lọ bá. Wọ́n fi ẹ̀rọ sí i, P0753 jáde. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni pé iná tó ń lọ sí sólẹ́nọ́ìdì àkọ́kọ́, fáàfù kékeré tó ń fi iná ṣiṣẹ́ láti pa gíà dà, kò gún régé. Ọ̀nà iná ló ń fẹ̀sùn kàn, ì báà jẹ́ wáyà tàbí sólẹ́nọ́ìdì fúnra rẹ̀. Kò dárúkọ kílọ́ọ̀ṣì rárá. Sólẹ́nọ́ìdì méjì ló ń pín gíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín ara wọn. Bí àkọ́kọ́ bá pàdánù iná, gíà kẹta ni mọ́tò fi ń gbéra. Ẹ wá rí ìdí tí òkè Ẹ̀fọ̀n fi di ogun.

Bàbá ò gba nọ́ńbà yẹn gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n yọ ẹnu wáyà tó wọ gíà kúrò pátápátá, wọ́n ní kí n wà á. "Tíṣà, ẹ fi sí L, ẹ gun òkè yẹn." Bí iná bá kúrò lára A140E, L á fún yín ní gíà kìn-ín-ní, 2 á fún yín ní ẹ̀kẹta, D á fún yín ní ẹ̀kẹrin. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìyọ̀, irin inú gíà ò ní nǹkan kan. Mo gbìyànjú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ń dáhùn.

Wọ́n wá mú tẹ́sítà. Láàárín 11 sí 15 ohm, ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná lọ́nà, ni sólẹ́nọ́ìdì yẹn yẹ kó fúnni. 13 ló fúnni. Ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn ọ́n láti ìdí kọ̀ǹpútà mọ́tò, tẹ́sítà ò sọ̀rọ̀. Àárín méjèèjì ni àrùn wà nìyẹn. Wọ́n gbé bátìrì kúrò, wọ́n ń fi ìka tọ wáyà náà níwọ̀n-níwọ̀n, títí tí ìka wọn fi rì sí ibì kan tó rọ̀. Wọ́n fi bíléèdì la rọ́bà rẹ̀. Kọ́pà inú ẹ̀ ti di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé. Ó dà sílẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ Bàbá. Omi bátìrì ló ń kán sí i láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n gé ibẹ̀, wọ́n fi wáyà tuntun jó o pọ̀, wọ́n pa nọ́ńbà rẹ́. Owó tí wọ́n gbà ò tó owó epo tí wọn ì bá fi lọ gbé tokunbọ̀ wá láti Èkó.

N kò sọ pé gíà kì í kú o. Sienna aládùúgbò mi kan kú lóòótọ́: ọ́ìlì rẹ̀ dúdú, ó ń rùn, bí ara rẹ̀ bá ti gbóná kò ní lọ síwájú mọ́, nígbà tí wọ́n sì tú àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ègé irin tó ń dán ló kún un. Ìdọ̀tí eérú díẹ̀ lára mágínẹ́ẹ̀tì inú àwo yẹn kò burú. Ègé irin ló burú. Ọ́ìlì tuntun ò lè wo irú ìyẹn sàn. Ẹ sì rántí okùn wáyà tó ti ara súrọ́tù, ẹnu ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, lọ sí gíà nínú irú Camry tèmi. Bó bá dẹ̀ jù, gíà á máa tètè yí, agbára ọ́ìlì á dín, kílọ́ọ̀ṣì á sì máa jó díẹ̀díẹ̀. Bó bá le jù, gíà á máa pẹ́ kó tó yí, á sì máa gbáni. Ẹ́ńjìnnì síìtì, rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, tó ti já náà máa ń gbáni bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru gíà.

Bó bá wá di dandan kí ẹ ra òmíràn, ẹ ní kí wọ́n fọ ọ̀nà ọ́ìlì gíà tó gba inú radiator kí wọ́n tó so ó, tàbí kí ẹ pààrọ̀ radiator náà. Ègé irin tó kúrò lára gíà àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, inú gíà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ló ń lọ.