"Put off" ní Ìbàdàn, "put off" ní Leeds

Nílé wa ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ tí màmá wa fi ń kádìí alẹ́ ni, "Ẹ put off gbogbo iná o." Bí NEPA bá mú iná dé, a ó sáré lọ put off jẹnẹrétọ̀. Bí a bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní ká put off fóònù. Ká pa nǹkan, ìtumọ̀ tá a mọ̀ ọ́n sí nìyẹn. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ó tó wa lò.

Lọ́dún tí mo dé Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onílé wa tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Ajé: "I've had to put off the gas man till Thursday." Lọ́dọọdún ni òfin ní kí onílé pe ẹni tó mọṣẹ́ gáàsì wá yẹ ilé tó fi háyà wò. Ohun tó ń sọ ni pé òun ti sún ọjọ́ tí ọkùnrin náà máa wá sí Ọjọ́bọ̀. Ohun tí mo kà ni pé wọ́n ti pa gáàsì, tó ń mú omi àti ilé gbóná, títí di Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń se omi nínú kẹ́tùlù kí n tó wẹ ọmọ, tí a ń wọ súwẹ́tà sùn, bẹ́ẹ̀ hítà wà lára ògiri tí n kò fọwọ́ kàn án. Títí dòní, ó ń dùn mí nítorí ọmọ yẹn.

Bí wọ́n bá fẹ́ pa iná níhìn-ín, "turn off" tàbí "switch off" ni wọ́n ń wí. Sísún ọjọ́ síwájú ni "put off". Nílé náà a máa ń sún nǹkan, àmọ́ "wọ́n ti shift ẹ̀" la máa ń sọ.

Èdè tiwa ló là mí lójú. "Gbà" ní ìtumọ̀ tirẹ̀, "gbọ́" náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá so wọ́n pọ̀, ohun mìíràn ni wọ́n ń sọ. Àárín wọn náà ni ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jókòó sí: gbà á gbọ́, bà á jẹ́, tàn án jẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni "put it off". Wọn kì í sọ pé "put off it".

Ó ku ìtumọ̀ kan: kí nǹkan lé ìfẹ́ kúrò lọ́kàn ẹni. Òórùn burúkú lè "put you off" oúnjẹ. Nígbà tí mo fèìlì ìdánwò ọkọ̀ wíwà, ìyá àgbà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí ẹnu mi kò gbà láti pe orúkọ rẹ̀ láìfi "ma" sí i, gbọ́wọ́ lé mi léjìká. Ó ní, "Don't let it put you off." Lọ́tẹ̀ yìí, n kò ronú kan iná, n kò ronú kan ọjọ́. Má jẹ́ kó sú ọ ni mo gbọ́. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ iṣẹ́ 10 sí àárín kó tó tún un ṣe. Mo ka 10 náà pé lórí kàlẹ́ńdà, mo sì dá ọjọ́ mìíràn lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an.