Nọ́ńbà kìlómítà rédà yẹn, ẹ rọra máa gbé e kiri

Kò síbi tí wọ́n ti ń fi báàlú ogun wéra wọn tí ẹnì kan ò ní sọ ọ́ pé rédà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá báàlú míì, tó wà lára Su-35 ti Rọ́ṣíà ń ríran dé 400 kìlómítà, tó bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ó ti jókòó, lójú tiẹ̀ ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Mi ò lè bú wọn ṣá, torí èmi náà ti ṣe é rí. Mo ní ìwé kan tí mo fa ìlà sí, orúkọ báàlú lápá òsì, kìlómítà rédà lápá ọ̀tún, ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀ bá pọ̀ jù ni mo fún ní ipò kìíní, mo sì fi ìwé yẹn bá àwọn èèyàn jiyàn fún bí ọdún méjì gbáko kó tó yé mi pé iṣẹ́ ọwọ́ dilẹ̀ ni mò ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú 400 yẹn gan-an. Irbis-E lorúkọ rédà ọ̀hún, agbára tó ń jù síta tó bá ṣe é dójú ààmì tó 20 kìlówáàtì, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré fún ohun tó wà nímú báàlú. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é fúnra wọn ló sọ pé ohun tó máa rí ní 400 yẹn gbọ́dọ̀ tóbi tó sikuéà mítà 3 lójú rédà, kó máa bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ ẹ̀, kí rédà sì gbájú mọ́ ibi tóóró kan lójú ọ̀run, kó má wòtún wòsì. Tí nǹkan náà bá kéré dé 0.01 sikuéà mítà ńkọ́? Àwọn náà ló ní 90 kìlómítà. Rédà kan náà o, ọjọ́ kan náà.

Ìdí ẹ̀ ni pé ìgbì rédíò tí rédà ń jù síta ń fọ́n ká bó ṣe ń lọ, ìwọ̀nba tó bá kan báàlú ọ̀tá ló ń ta padà, èyí tó ta padà yẹn náà á tún fọ́n ká kó tó délé, àdánù lálọ, àdánù lábọ̀. Torí ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kí rédà òun ríran dé ìlọ́po méjì ibi tó ń rí tẹ́lẹ̀, ìlọ́po 16 agbára ló máa wá. Tó bá fi ìlọ́po méjì péré sí i, nǹkan bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ló jèrè. Àwọn tó ń ṣe báàlú stealth, èyí tí wọ́n ṣe kó lè ṣòro fún rédà láti rí, náà ń jìyà òfin kan náà láti ẹ̀gbẹ́ kejì: kí ibi tí wọ́n ti ń rí báàlú wọn tó lè dín kù sí ìdajì, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di kékeré ní ìlọ́po 16 lójú rédà, kó tó wá di ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìlọ́po 10,000 ni. Ẹ wá rí ìdí tí owó F-22 àti F-35, báàlú stealth Amẹ́ríkà, fi rí bó ṣe rí.

Stealth kì í ṣe àféèrí o. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1999, àwọn ọmọ ogun Yugoslavia, tí Sérbíà wà nínú ẹ̀ nígbà náà, fi mísáìlì S-125, tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àwọn ọdún 1960, já báàlú stealth F-117 ti Amẹ́ríkà bọ́ látojú ọ̀run. Rédà P-18 tí wọ́n fi ń wá a ń lo ìgbì gígùn tó sún mọ́ mítà méjì, bẹ́ẹ̀ ìgbì rédà tó wà nímú báàlú ogun kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, ti kékeré yìí ni wọ́n sì gbẹ́ ara báàlú stealth fún jù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé áńtẹ́nà tó ń lo ìgbì mítà méjì tóbi gan-an, kò lè wọ inú imú báàlú kankan, nítorí náà orí ilẹ̀ nìyẹn máa wà.

Ohun tí ìwé mi ò láyè fún rárá ni pé rédà ń pariwo. Ẹ wo ọdẹ òru tó de iná mọ́rí. Ojú ẹran ló ń wá kó tàn padà, ṣùgbọ́n ẹran ti rí iná òun ná láti ọ̀nà jíjìn, torí ìmọ́lẹ̀ yẹn kàn rin àlọ kó tó kan ẹran ni, ti ọdẹ gbọ́dọ̀ lọ kó sì bọ̀. Báàlú ogun òde òní ló ní etí tó ń gbọ́ rédà ẹlòmíì. Ẹni tó bá tan 20 kìlówáàtì sílẹ̀ lójú ọ̀run ń ké sí gbogbo ayé pé "mo wà níbí o," ó sì lè jẹ́ pé àwọn tó ń gbọ́ ọ, òun ò tíì rí ìkankan nínú wọn.

Ibi tí AESA, irú rédà tuntun kan, ti wúlò nìyí, kì í ṣe torí kìlómítà nìkan. Rédà àtijọ́ ní àwo kan tí mọ́tò ń yí sọ́tùn-ún sósì. Nínú àwọn báàlú ogun, MiG-31 tó wọṣẹ́ ní 1981 ló kọ́kọ́ gbé èyí tí ò nílò kó yí, Zaslon lorúkọ ẹ̀, iná ẹ̀lẹ́tíríkì ló ń darí ìgbì ẹ̀, ṣùgbọ́n orísun kan ló ń bọ́ gbogbo ojú ẹ̀, Irbis-E sì jẹ́ ọmọ ìran yẹn. AESA ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú wẹẹrẹ, wọ́n lè tó ẹgbẹ̀rún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, olúkúlùkù ń sọ̀rọ̀, olúkúlùkù ń gbọ́. Ó lè máa fo láti ìgbì kan sí òmíràn kíákíá, kó fọ́n agbára ẹ̀ ká débi pé etí ọ̀tá máa rò pé ariwo lásán ni. F-2 ti Jàpáàn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e wọṣẹ́, ní 2000.

AESA náà ní àbùkù tiẹ̀, òun ló sì dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Tí wọ́n bá kàn án mọ́ imú báàlú, kì í ríran dáadáa kọjá nǹkan bí 60 dìgírì lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè ní kí ló kàn mí nínú ìyẹn. Páílọ́ọ̀tì tó bá ta mísáìlì tán kì í dúró máa ṣe akọni, ṣe ló máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọ̀tá má tètè sún mọ́ ọn, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ yà débi tí rédà ẹ̀ ò ti ní rí ọ̀tá mọ́, torí mísáìlì tó wà lọ́nà ṣì nílò ìròyìn títí rédà kékeré tó wà lórí òun fúnra ẹ̀ á fi jí. Ẹni tó ń ríran mọ ní 60, bó ṣe ń yà náà ló ṣì ń sún mọ́ ọ̀tá. Rédà Captor-E tí wọ́n ṣe fún báàlú Typhoon ti Yúróòpù àti Raven ti báàlú Gripen E wà lórí nǹkan tó ń yí, Captor-E ń rí bíi 200 dìgírì lápapọ̀, ìyẹn ni pé ó lè yí ẹ̀gbẹ́ sí èèyàn, kódà kó yà kọjá bẹ́ẹ̀ díẹ̀, kó ṣì máa darí mísáìlì sí i. Su-57 ti Rọ́ṣíà gba ọ̀nà míì, wọ́n fi rédà kéékèèké sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ méjèèjì.

Ohun míì ṣì wà nínú yíyà yẹn. Rédà tó ń wo ìsàlẹ̀ máa ń ju gbogbo ohun tí eré ẹ̀ bá bá ti ilẹ̀ dọ́gba nù, kó má baà ka òkè àti igi mọ́ báàlú. Báàlú tó bá wá yí ìhà sí i ní 90 dìgírì, tí ò sún mọ́ ọn, tí ò sì jìnnà sí i, lójú rédà ilẹ̀ lòun náà, ó pòórá. Inú géèmù báàlú orí kọ̀ǹpútà ni mo ti kọ́ èyí, lẹ́yìn tí ọ̀tá kan sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín alẹ́ kan, mo rò pé géèmù ló bàjẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rẹ́. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tí rédà ẹ̀ ń ríran kọjá 90: òun ti pòórá mọ́ ọ̀tá lójú, òun ṣì ń rí ọ̀tá kedere. Àǹfààní yìí, kò sí kìlómítà tó lè sọ ọ́.

Mísáìlì náà ní irọ́ kìlómítà tiẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn, epo wọn ń jó fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, lẹ́yìn ẹ̀ eré àná ni wọ́n ń sá, ẹni tó bá kẹ̀yìn tó sá lọ láti òkèèrè á bọ́. Meteor tí Gripen ti Sweden kọ́kọ́ gbé wọṣẹ́ ní 2016 ń mí afẹ́fẹ́ bíi jẹ́ẹ̀tì, ó ń ṣọ́ epo ẹ̀ lò, ó sì lè jẹ́ pé òpin ìrìn ló ti máa tẹ iná. Èmi bẹ̀rù ẹ̀ ju rédà èyíkéyìí lọ.

Ti ìjà ojú-ko-ojú, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Pẹ̀lú akoto tó ń bá ojú páílọ́ọ̀tì lọ àti mísáìlì bíi R-73, AIM-9X tàbí IRIS-T, ẹni tó bá sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀, àfàìmọ̀ kí àwọn méjèèjì má jọ kú. F-22 gan-an, ohun àkọ́kọ́ tó já bọ́ lójú ọ̀run nínú ayé ẹ̀, ní oṣù kejì 2023, bàlúùnù ni. Bàlúùnù kẹ̀!

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò pọn dandan kí ẹni tó ń tafà tan rédà ẹ̀ rárá. Báàlú rédà ńlá tó wà lẹ́yìn lè máa wò fún un, kó máa fi ìròyìn ránṣẹ́ gba orí rédíò, ìyàwòrán ooru bíi PIRATE ti Typhoon náà ń wò láìpariwo. Ní oṣù karùn-ún 2025 tí Íńdíà àti Pakistan kọjú ìjà síra wọn, iye báàlú tó já bọ́, wọn ò tíì fẹnu kò lé e lórí, àmọ́ wọ́n rí àfọ́kù PL-15, mísáìlì tí J-10C ti Pakistan ń gbé, lórí ilẹ̀ Íńdíà, ọ̀gágun àgbà Íńdíà sì gbà ní ìparí oṣù yẹn pé àwọn pàdánù báàlú, kò kàn dárúkọ iye ni. J-10C kì í ṣe stealth, Rafale ti Íńdíà náà kì í ṣe stealth, ẹni tó bá wá gbé báàlú méjèèjì sórí òṣùwọ̀n láìka ẹni tó ń wò fún wọn lẹ́yìn, ó ń tan ara ẹ̀ ni.

Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan lónìí, F-35 ni màá kọ́kọ́ nawọ́ sí, tí wọn ò bá fún mi, Typhoon tó ní Captor-E àti Meteor ni màá gbé kojú Su-35 pẹ̀lú gbogbo 400 ẹ̀. Ìwé onílà mi yẹn ṣì wà. Mo ti fa ìlà tuntun kan sí i, mo kọ ọ́ sókè ẹ̀ pé "tí ò bá tan iná ńkọ́?", òfìfo ni ibẹ̀ wà látòkè délẹ̀, torí nọ́ńbà yẹn, kò sí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ síta.