Òkèlè Àkọ́kọ́

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tó jẹ́ míṣọ́nnárì Ìjọ Mọ́mọ́nì ti ń wá sílé wa ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí, tí wọ́n ń ka Ìwé Mọ́mọ́nì lédè Yorùbá pẹ̀lú wa. Ọmọ ilẹ̀ Gánà ni ọ̀kan nínú wọn. Oṣù 24 ni yóò fi ṣe iṣẹ́ náà láìgba owó oṣù, Alàgbà ni wọ́n sì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ.

Lálẹ́ àná, ìyá mi ro àmàlà fún wọn. Bí ọmọ Gánà yìí ṣe gbé òkèlè àkọ́kọ́, tí ewédú ń fà tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀, ó dáwọ́ dúró, ó ní, "Màmá, ademe nìyí! Bí a ṣe ń pe ewédú nílé wa nìyẹn. Ìyá mi máa ń sè é." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn fi ìgbákọ gé àmàlà mìíràn sínú abọ́ rẹ̀.

Wọn kò mu tíì tí mo gbé wá, nítorí ìjọ wọn kà á léèwọ̀, ṣùgbọ́n ìrẹ̀lẹ̀ tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ wọ̀ mí lọ́kàn gan-an. Kí wọ́n tó lọ, ìyá mi gbàdúrà fún ìyá tó wà ní Gánà.