Mọ́ínmọ́ín Ti Jinná Kí A Tó Mú Ọkọ́

Sátidé, ìparí oṣù Òkúdù

Òjò tó bẹ̀rẹ̀ lóru kò dá títí di ìdájí. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ìkùukùu ti bo àwọn òkè tó yí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ká, mi ò rí orí òkè kankan. Inú mi dùn. Ilẹ̀ ti rọ̀, koríko á fà tu láìjanpata. Láti ìgbà tí òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lóṣù Èbìbí ni koríko ti ń gba ẹ̀yìnkùlé mọ́ wa lọ́wọ́, ọjọ́ tí a máa kọjú sí i la ti ń wá. Síbẹ̀ mi ò tíì mú ọkọ́. Ilé ìdáná ni mo kọ́kọ́ lọ.

Tí iṣẹ́ ilẹ̀ bá wà lọ́jọ́ kan nílé yìí, oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ ti jinná kí a tó jáde. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti bá a. Nígbà ìkórè kòkó, láti oṣù Ọ̀wàrà títí ọdún fi máa ń parí, ègbo ni ìyá mi máa ń sè sílẹ̀. Á da àgbàdo gbígbẹ sínú ìkòkò amọ̀ ńlá, á bu omi sí i dáadáa, á gbé e ka iná igi lálẹ́. Tí gbogbo wa bá ti sùn, á yọ igi kúrò, á fi ẹyin iná nìkan sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àgbàdo ti bẹ́, ó ti rọ̀ bọ̀kọ́bọ̀kọ́. Tí a bá ti oko dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ata díndín nìkan ló kù tó máa bù lé e lórí. Mi ò gbọ́ ọ rí kí ìyá mi sọ pé ó rẹ òun nírú alẹ́ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ṣiṣẹ́ ju gbogbo wa lọ. Ìkòkò tó ti dá kalẹ̀ láti òru ló fún un láàyè láti jókòó bí àwa yòókù.

Mọ́ínmọ́ín ni tèmi. Ẹ̀wà olóyin kóńgò méjì ni mo rà lọ́jà Atakúnmọ̀sà n'Íléṣà lọ́sẹ̀ yìí. Mo rẹ ẹ́ sómi kí ilẹ̀ tó mọ́, èmi àtàwọn ọmọ sì jọ bó o: a ń fọwọ́ ra á, èèpo ń léfòó, a ń dà á nù, títí omi fi mọ́. Ata rodo, tàtàṣé àti àlùbọ́sà wọ inú rẹ̀, ọmọ kan sì gbé e lọ síbi ẹ̀rọ ìlọta. Ẹnìkan bi mí nígbà kan ìdí tí mi ò fi lọ̀ ọ́ láti alẹ́ kí n lè sùn díẹ̀ sí i láàárọ̀. Ata díndín lè sùn mọ́jú, ẹ̀wà tútù tí a ti lọ̀ kì í sùn mọ́jú níbi tí iná ìjọba ti ń lọ nígbàkígbà. Kíá ló máa kan. Tó bá ti jinná nínú ewé, ìyẹn ṣe é dúró dè.

Ewé eéran la fi ń pọ́n ọn. Inú igbó tútù àti abẹ́ igi kòkó ló ti ń hù lágbègbè wa, igi ewé rẹ̀ gùn, ewé rẹ̀ fẹ̀, èso rẹ̀ pupa, ó ní igun mẹ́ta, ìdí rẹ̀ nílẹ̀ ló sì ti ń so. Ohun tó ń mú èso yẹn dùn ń dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po tó tó 2000, àwọn ilé iṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè sì ń lò ó láti fi mú oúnjẹ dùn. Àwọn ọmọ mi kò mọ ìyẹn, wọ́n ṣáà ń fá a lá ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba: èmi kì í fi ọ̀rá sè mọ́ínmọ́ín. Ewé máa ń fún un ní òórùn tí kò sí nínú ọ̀rá, ọkàn mi kò sì balẹ̀ sí ọ̀rá tó ń hó nínú omi gbígbóná fún wákàtí kan tí mo fẹ́ fún ọmọ jẹ. Mo gé igi ewé sísàlẹ̀ ìkòkò kí omi má bàa wọ inú rẹ̀, mo ká ewé méjì méjì ní kókó, mo ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn, mo bu ẹ̀wà sí i. Edé àti ẹja ló wà nínú ti òní, ẹyin wà nínú àwọn kan fún àwọn ọmọ. Nígbà tí agogo mẹ́sàn-án fi máa lù, ìkòkò ti sọ̀ kalẹ̀, mo ti bò ó, ẹ̀kọ tí mo rà lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ sì wà nínú agbọ̀n. Mo wá bọ́ síta.

Koríko tó le jù lẹ́yìn ilé wa ni èyí tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ó ti mọ ilẹ̀ wa ju ọmọ onílẹ̀ lọ. Tí a bá fi àdá ṣán an lásán, ńṣe ló máa tún yọ láti ìdí, nítorí náà a ń fi ọkọ́ wú gbòǹgbò rẹ̀ ni. Mi ò kórìíra rẹ̀ tán, torí àkọ́bí mi fi àdá ha ara rẹ̀ lójúgun ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá, ewé yìí kan náà ni mo sì ra lọ́wọ́, tí mo fún omi rẹ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ dá. Lẹ́yìn náà ni mo fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà, mo dì í.

Ìdí tí a kò fi ń jẹ́ kí koríko ga lẹ́yìn ilé kò lọ títí. Paramọ́lẹ̀ àti ṣèbé fẹ́ràn ibi tó bá ṣókùnkùn, àwọn ọmọ sì ń sáré kiri láìwọ bàtà. Nígbà tí a ro dé ẹ̀gbẹ́ ilé ìwẹ̀, a rí táyà àtijọ́ kan àti èèpo àgbọn tí omi òjò ti kún, ìdin ẹ̀fọn ń rìn nínú rẹ̀. A dà á nù lójú ẹsẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ̀fọn ń ti inú ẹyin di èyí tó ń fò, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí wọ́n máa dojú gbogbo ike dé ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Àmọ́ níbi tí ilẹ̀ ti da gẹ̀rẹ́ sí ìsàlẹ̀, a kàn gé koríko rẹ̀ kúrú ni, a kò hú u, kí ọ̀gbàrá má bàa wọ́ ilẹ̀ lọ. Èyí tí a gé, a fi bo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ìyá Ìbejì, àgbàlagbà tó ń gbé lókè wa, gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà wá lọ́sàn-án pẹ̀lú igi ewúro lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó wa, ṣé o ti ronú oúnjẹ alẹ́?"

"Mọ́ínmọ́ín ti jinná láti àárọ̀, mà."

"Áà! Olúwa á fún ọ lókun. Má gbin ewúro yìí ní òòró o, jẹ́ kó dùbúlẹ̀ díẹ̀, kí ojú igi bíi méjì wọlẹ̀."

A jọ gbìn ín sójú ibi tí Akíntọ́lá wà tẹ́lẹ̀. Òjò ni igi ewúro fẹ́, tí a bá gbìn ín lásìkò yìí, kò níí béèrè omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n máa lọ, mo bu mọ́ínmọ́ín fún wọn. Wọ́n ní kí n má dàámú, mo ní kò sí ìdààmú kankan ńbẹ̀, ó ti wà nílẹ̀. Mo fẹ́ràn kí ọwọ́ mi lè nawọ́ oúnjẹ sí èèyàn láìsí pé mo ń ṣírò bóyá á ṣẹ́kù. Oúnjẹ tí a sè pamọ́ máa ń mú kí èèyàn lawọ́.

Bàbá àwọn ọmọ ti inú oko kòkó dé ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti lọ fín oògùn, torí irú ọ̀rinrin báyìí ló ń mú kí èso kòkó dúdú lórí igi. Òjò tún ti ń ṣú. Gbogbo wa wẹ̀. Mo bu omi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, mo dá iná sí i, kò pẹ́ tí òórùn ewé fi gba gbogbo ilé. A tú mọ́ínmọ́ín, a tú ẹ̀kọ, a jẹun, a ń sọ̀rọ̀ oko àti ọ̀rọ̀ ilé ìwé. Àbíkẹ́yìn mi sùn lọ sórí àwo. Bàbá rẹ̀ gbé e wọlé láìfọ ọwọ́ rẹ̀.

Mo ń ronú nípa àwọn ọdún tí a fi gbé n'Ìbàdàn, nínú yàrá méjì tí kò ní ẹ̀yìnkùlé. Lálẹ́ ni mo máa ń tó dé láti ibi iṣẹ́, òru ni a sì máa ń jẹun. A kì í jókòó papọ̀ bí a ṣe jókòó lónìí, ó sì jọ mí lójú pé ó dùn mí nígbà náà láìmọ ohun tó ń dùn mí gan-an.

Mọ́ínmọ́ín díẹ̀ ṣẹ́kù tí a máa fi mu ògì lọ́la ká tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àgbàdo tútù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ti tó yà. Tí a bá ya á lọ́jọ́ Ajé, àbàrí ni mo fẹ́ sè sílẹ̀ de ọ̀sán ọjọ́ tí a máa kọ ebè fún ilá, àwọn ọmọ sì ti ń jiyàn lórí ẹni tí yóò lọ já ewé wá.